Róká àti ikùn bọ́ọ̀dù àjẹ̀ kúkúrú: mélòó la ó tẹ̀, mélòó la ó gbẹ́?

AyùnAdó:
Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ kan wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Adó-Èkìtì: bọ́ọ̀dù kúkúrú tí èèyàn ń dúró lé lórí, tó ń fi àjẹ̀ wà, tó sì ń fi gun ìgbì. Kílò 75 ni oníbàárà wọ̀n, Tarkwa Bay l'Ékòó ló ti fẹ́ lò ó. Gígùn rẹ̀ á jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 244, fífẹ̀ 76, nínípọn 11 láàárín. Òkè rẹ̀ kò yọ mí lẹ́nu. Ikùn rẹ̀ ló ta kókó. Báwo ni imú àti ìrù ṣe yẹ kó ga sí? Ṣé kí ìsàlẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, àbí kí n gbẹ́ kòtò sí i, àbí kí n dà á bí òrùlé? Igi arère wà ní sọ́mìlì, puláíwúùdù mìlímítà 3 wà nílẹ̀, fóòmù náà ṣeé rà. Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà ni kí ẹ fún mi o, ẹ má sọ pé "ó wà lọ́wọ́ ẹ."

ÌgbìLójú:
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ gbé bọ́ọ̀dù kalẹ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ikùn nísàlẹ̀. Àárín á kanlẹ̀, imú á gbérí, ìrù náà á gbé díẹ̀. Bó ṣe tẹ̀ láti imú dé ìrù yẹn ni róká. Fún ìwọ̀n tẹ́ ẹ kọ yìí, imú máa ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 13 sí 15, ìrù láàárín 5 sí 7. Èmi á mú 14 àti 6.

Ìdí rèé. Ìgbì etí òkun tiwa kì í fi bẹ́ẹ̀ rọra. Etíkun dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìgbì á dìde, á sì wó lẹ́ẹ̀kan náà. Bí imú bá kéré sí 12, ńṣe ni bọ́ọ̀dù á kirí bọ omi nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ìgbì, ẹni orí ẹ̀ á sì fò gba iwájú lọ. Bí ẹ bá wá ní kí ẹ bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn, tẹ́ ẹ gbé imú dé 18, á máa ti omi síwájú bí ẹni ń fi ṣọ́bìrì ti yanrìn. Èèyàn á wà á títí, ìgbì á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá kó tó yára tó. Ìrù tó rẹlẹ̀ jù, bíi 3, á sáré lóòótọ́, àmọ́ kò ní gbà kí ẹ yí i. Èyí tó ga dé 9 tàbí 10 á yí wéré, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ á máa rì, á máa fa omi dání.

Ohun tó mú ti alájẹ̀ yàtọ̀ sí bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń dùbúlẹ̀ lé ni pé ibi méjì lẹsẹ̀ ń wà. Tó bá ń wà á lọ, àárín gbùngbùn ló dúró sí. Tó bá ti gun ìgbì, á sún sẹ́yìn ní sẹ̀ǹtí 30 sí 40. Nítorí náà àárín náà, bíi sẹ̀ǹtí 60 sí 80 gígùn, gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú kó lè sáré lábẹ́ àjẹ̀, kí ìtẹ̀ gidi tó bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn máa balẹ̀ sí.

Nọ́ńbà náà nìyí, ní sẹ̀ǹtímítà. Láti àárín lọ sí imú: ní 30, ó ga ní 0.6, ní 61, 3, ní 92, 7.5, ní ṣóńṣó imú, 14. Láti àárín lọ sí ìrù: ní 30, 0.2, ní 61, 1.1, ní 92, 3, ní òpin ìrù, 6.

Gbẹ́nàÌkẹ́rẹ́:
Ibi 92 yẹn ni kí ẹ máa wò, ẹ̀gbọ́n, ju ṣóńṣó lọ. Ẹni méjì lè sọ pé imú àwọn ga ní 14, kí bọ́ọ̀dù wọn má jọra rárá. Bí ó bá ga tó 8 ní ibi tó ku sẹ̀ǹtí 30 kó dé imú, ìtẹ̀ náà pín kiri gbogbo iwájú. Bí ó bá jẹ́ 6, gbogbo ìtẹ̀ ti kó jọ sí ẹsẹ̀ bàtà kan tó gbẹ̀yìn, imú á ká sókè ṣáká bí ẹni fẹ́ gbọ́n omi. Ìyẹn yá lórí omi tó dákẹ́, àmọ́ tó bá kan ìgbì tó ga, ibi tó ká yẹn á kan omi lójijì, á sì dá eré dúró.

Bẹ́ ẹ ṣe máa fa ìlà náà: ẹ wá pẹlẹbẹ arère kan tó gùn tó mítà 3, tó nípọn sẹ̀ǹtí kan, tí kò ní kókó lára. Ẹ kan ìṣó sí pátákó níbi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ pẹlẹbẹ náà mọ́ wọn, ẹ fi pẹ́ńsù fà á. Tí ìṣó kan bá ń ti pẹlẹbẹ náà jáde, tàbí tí pẹlẹbẹ kò fẹ́ kàn án, ìṣó yẹn ni kí ẹ yọ, ẹ má fipá mú igi. Lẹ́yìn náà ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ di ojú kan, ẹ wò ó láti ìpẹ̀kun. Gegele mìlí kan tí ọwọ́ kò mọ̀, ojú á rí i níbẹ̀.

FáíbàLọ́wọ́:
Gbogbo ẹ dáa, àmọ́ ẹ ò tíì dáhùn apá kejì ìbéèrè wọn, bẹ́ẹ̀ apá kejì ló ń ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Kì í ṣe róká kan ló wà lára bọ́ọ̀dù. Méjì ni. Ọ̀kan gba ojú eegun àárín, ìyẹn ìlà tó gba àárín gbùngbùn bọ́ọ̀dù láti imú dé ìrù, ọ̀kan gba etí. Bí ikùn bá tẹ́ pẹrẹsẹ, méjèèjì dọ́gba. Bí ẹ bá ti gbẹ́ nǹkan kan sí ikùn, wọ́n ti yà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ gbẹ́ kòtò tó jin ní mìlí 5 sí àárín. Ìsàlẹ̀ eegun ti gòkè ní mìlí 5 níbẹ̀, imú kò sì kúrò níbi tó wà. Tí ẹ bá wọn imú báyìí láti ojú eegun, 14 yẹn ti di 13.5, ìrù 6 ti di 5.5. Etí ṣì wà ní 14 àti 6. Ìyẹn ni pé àárín ti tẹ́jú sí i, ó ń sáré. Etí ṣì tẹ̀, ó ń yí. Ohun tí kòtò ń ṣe fún wa gan-an nìyẹn, yàtọ̀ sí pé ó ń kó omi jọ sábẹ́ kó lè gbé bọ́ọ̀dù sókè.

Bí ti òrùlé, tí a ń pè ní fíì, òdìkejì ni. Eegun dúró, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì la gé sókè. Bí ẹ bá gé mìlí 6 kúrò ní etí níbi tó ku sẹ̀ǹtí 30 kó dé ìrù, etí tó ga ní 3 níbẹ̀ di 3.6. Bọ́ọ̀dù á máa fì láti etí kan sí èkejì láì janpata. Ẹ rántí pé fífẹ̀ 76 yìí kì í ṣe kékeré, ìrù rẹ̀ náà á fẹ̀. Láìsí fíì, ẹni kílò 75 á máa tẹ etí kó tó gbọ́. Àmọ́ ẹ má gbé fíì wá sí àárín o. Àárín lèèyàn ń dúró sí tó bá ń retí ìgbì, ibi tó rí bí òrùlé á máa gbọ̀n ọ́n síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ọmọlanke tí táyà rẹ̀ kò dọ́gba.

Èyí tí mo máa gbẹ́: láti imú wá sí sẹ̀ǹtí 40, kó yọ ikùn díẹ̀, mìlí 2 péré, kí etí má baà fi ara kọ́ omi. Lẹ́yìn ìyẹn kòtò kan á bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á jin tó mìlí 5 ní àárín. Bó bá ti ń sún mọ́ lẹbẹ tó wà lábẹ́ ìrù, kí kòtò kan náà pín sí méjì, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ eegun kọ̀ọ̀kan, mìlí 2 péré, nínú fíì tó jin tó mìlí 6 ní ibi tó ku 30 kó dé ìrù. Kí fíì náà wá rọlẹ̀ sí mìlí 3 ní òpin ìrù.

Wọ́n ní ìlẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún Ògògà Ìkẹ́rẹ́, ère inú ẹ̀ yọ síta débi pé òjìji ń bọ́ lára wọn. Ti bọ́ọ̀dù yìí, ẹni tí kò bá fi rúlà lé e kò ní mọ̀ pé wọ́n gbẹ́ nǹkan kan. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Kòtò tó bá ti ju sẹ̀ǹtí kan lọ, tẹ́ ẹ bá fì í, etí rẹ̀ á máa gbé omi bí abọ́.

ỌmọOlósùnta:
Ẹ̀gbọ́n Fáíbà, ẹ ṣeun, àmọ́ oní-puláíwúùdù ò lè ṣe èyí tẹ́ ẹ kọ yẹn. Puláíwúùdù máa ń tẹ̀ sí ọ̀nà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Róká ti tẹ̀ ẹ́ lóòró. Kòtò á tún fẹ́ kó tẹ̀ ní ìbú, ní òdì sí ti àkọ́kọ́, bíi gàárì ẹṣin. Kò ní gbà. Bí ẹ bá fi kílám̀pù fún un, á gbà fún alẹ́ ọjọ́ kan, gọ́ọ̀mù á sì ṣí láàárín ọ̀sẹ̀, tàbí kí ojú òkè rẹ̀ là. Fíì ní tirẹ̀ kò le: ẹ lè fi pátákó méjì ṣe é, kí wọ́n pàdé lójú eegun.

Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n Ayùn bá fẹ́ lo puláíwúùdù tó wà nílẹ̀, kí ikùn tẹ́ pẹrẹsẹ láti imú dé àárín, kí ó di fíì ní ìdá mẹ́ta tó gbẹ̀yìn. Kó sì dín imú kù díẹ̀, bíi 12.5, nítorí puláíwúùdù kì í fẹ́ ìtẹ̀ tó ká jọ sí iwájú. Bọ́ọ̀dù tó ṣeé lò ni, kò kàn ní sáré bí oníkòtò.

Bó bá ṣe pé kòtò dandan ni, kó fi arère ṣe é ní fàǹdà-fàǹdà, ìyẹn igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́: kí fàǹdà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtí 2, kó nípọn tó mìlí 6, kó tò wọ́n sórí egungun ìhà. Egungun ìhà ni puláíwúùdù á wá wúlò fún, ọ̀kan ní sẹ̀ǹtí 20 sí 20, kó ti gé kòtò àti fíì sí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wọn kó tó tò wọ́n. Arère fúyẹ́, ó sì rọrùn ún fá, àmọ́ omi àti kòkòrò ń tètè bà á jẹ́. Kó gbẹ dáadáa, kó sì fi résìn kun inú rẹ̀ kó tó dé e. Bọ́ọ̀dù oníhò nínú náà gbọ́dọ̀ ní ihò kékeré kan pẹ̀lú sìkúrúù: ẹ ṣí i tẹ́ ẹ bá gbé e sórí mọ́tò láti Adó lọ sí Èkó nínú oòrùn, torí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á wú, ẹ dí i kó tó kan omi. Apapọ̀ rẹ̀ á tó kílò 12 sí 13.

AyùnAdó:
Kílò 13 ti pọ̀ jù fún un, ó ní òun á máa dá gbé e. Fóòmù wá ńkọ́?

FáíbàLọ́wọ́:
Fóòmù ni kí ẹ lọ. Èyí funfun oníwóró bíi ti kúlà, tí èyí tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan wọn nǹkan bíi kílò 20. Bọ́ọ̀dù yín á gba bíi lítà 112 (244 lọ́nà 76 lọ́nà 11, kí ẹ mú ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ nítorí ibi tó tín-ín-rín), nítorí náà fóòmù fúnra ẹ̀ kò ní ju kílò 2 àti díẹ̀ lọ. Pẹ̀lú fáíbà àti résìn, ẹ lè parí sí 8 tàbí 9.

Résìn ípọ́sì nìkan o. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe táńkì omi, tó ń rùn fín-ín, á jẹ fóòmù yìí bí iná ṣe ń jẹ ìda. Gọ́ọ̀mù àwọn oníbàtà náà bẹ́ẹ̀.

Búlọ́ọ̀kù tẹ́ ẹ máa rà gbọ́dọ̀ ga tó sẹ̀ǹtí 20, torí imú gòkè ju àárín lọ. Bí ẹ bá fẹ́ lẹ pátákó méjì onísẹ̀ǹtí 10 pọ̀, ẹ má jẹ́ kí gọ́ọ̀mù wà níbi tí wáyà gbígbóná tẹ́ ẹ máa fi gé fóòmù máa gbà kọjá: wáyà gbígbóná kì í gé gọ́ọ̀mù tó ti le, á há síbẹ̀, á sì jó fóòmù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ di kòtò.

WáyàGbóná:
Tí wọ́n bá dé ibi gígé, ẹ gbà mí láyè. Pátánì méjì, ìyẹn pátákó tẹ́ ẹ gé bá ìlà róká tí wáyà máa tẹ̀ lé, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, puláíwúùdù mìlí 3 yẹn tó o. Ẹ gé wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ fi sáńpépà pa etí wọn kí wáyà má baà há. Wáyà náà ni ti nichrome, irú èyí tó máa ń gbóná bí iná bá gba inú rẹ̀, mìlí 0.5, gígùn 90 láàárín apá méjì, kí ẹ fi sípíríǹgì fà á le. Bátìrì mọ́tò oní-fólìtì 12 tó láti mú un gbóná.

Ẹni méjì ló ń gé e, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ sì máa pe nọ́ńbà tẹ́ ẹ ti kọ sára pátánì jáde: "mẹ́ta," "mẹ́rin," kí ẹ jọ máa dé ibẹ̀. Bí ọ̀kan bá ṣáájú, bọ́ọ̀dù á lọ́. Bí wáyà bá tẹ̀ lẹ́yìn ju sẹ̀ǹtí kan lọ ní àárín, ẹ ti ń yára jù. Ní ibi tó tẹ́jú kò ṣe nǹkan, àmọ́ ní ibi imú tó ká, ibi tí wáyà ti rẹ̀yìn kò ní bá pátánì mu, ikùn á yọ gegele tàbí kòtò tẹ́ ẹ kò fẹ́.

Ẹ má ju àjákù ìsàlẹ̀ nù! Òun ni ibùsùn tó bá bọ́ọ̀dù yín mu jù. Lórí rẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí tẹ́ ẹ bá ń fi fáíbà bo òkè. Fóòmù tí wọn kò tíì bò máa ń tẹ̀. Ẹni tó bá gbé e lé igi méjì péré, tó wá fi ọwọ́ tẹ résìn mọ́ ọn, róká tó bá lórí ẹ̀ lọ́jọ́ kejì kọ́ ló gé.

Gbẹ́nàÌkẹ́rẹ́:
Kí wọ́n tó kan fáíbà rárá, kí wọ́n yẹ lílọ́ wò. Ẹ mú pẹlẹbẹ gígún méjì onímítà kan, ẹ gbé ọ̀kan lé ikùn ní ibi tó ku 30 kó dé imú, ẹ gbé èkejì síbi tó ku 30 kó dé ìrù. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wo orí àkọ́kọ́ sí ẹ̀yìn èkejì. Bí wọn kò bá bára wọn dọ́gba, bọ́ọ̀dù ti lọ́. Èyí tó bá lọ́ kì í lọ gbọọrọ, àjẹ̀ kò lè tún un ṣe. Etí tó ga jù ni kí ẹ máa fi sáńpépà orí pátákó pa díẹ̀díẹ̀, ní apá iwájú àti ẹ̀yìn ní òdìkejì ara wọn, ẹ má kó gbogbo ẹ̀ sójú kan.

Rúlà gígùn tí kò tẹ̀ náà ńkọ́? Ẹ lọ bá àwọn onífèrèsé, ẹ ra alumíníọ̀mù onígun mẹ́rin kan, mítà 2 àbọ̀. Ẹ dojú bọ́ọ̀dù délẹ̀, ikùn lókè, ẹ gbé e lé eegun, kí ó kan àárín, kí ẹ wọn àyè tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní imú àti ìrù. Okùn kò dáa fún un, okùn máa ń sọ̀. Láti wọn kòtò, ẹ fi rúlà kúkúrú dábùú ikùn, ẹ ki ẹ̀yìn ọmọ dírìlì oní-mìlí 5 bọ abẹ́ rẹ̀. Bó bá wọlé wẹ́rẹ́ láì mì, ó ti tó. Bó bá ń mì, ẹ ti gbẹ́ ẹ jù.

ÌgbìLójú:
Lẹbẹ náà kò ṣeé gbàgbé, torí fíì ni wọ́n ń dúró lé. Lẹbẹ mẹ́ta: méjì iwájú, kí ìdí wọn wà ní sẹ̀ǹtí 29 tàbí 30 láti ìrù, ti àárín ní 9 tàbí 10. Ibi tí fíì ti jin jù gbọ́dọ̀ wà láàárín àwọn méjì iwájú. Bó bá ṣáájú wọn, bọ́ọ̀dù á fì kó tó ní ohun tó gbá a mú.

Ẹ tún lè gbé e lọ sí Ẹ̀rọ Dámù ní Ìkún kí ẹ tó fi ránṣẹ́, bí wọ́n bá gbà yín láyè, pẹ̀lú ẹ̀wù ìléfòó. Ẹ máa rí bóyá ó gbé kílò 75 dáadáa, bóyá ó dúró láìgbọ̀n, bóyá imú rẹ̀ wà lókè omi. Omi dídákẹ́ kò lè sọ tìrù fún yín, ìgbì ló ń sọ ìyẹn.

AyùnAdó:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ohun tí mo kó jọ nìyí: fóòmù, kòtò mìlí 5 láàárín, tó ti pòórá kó tó dé ibi 92 níwájú àti lẹ́yìn, fíì mìlí 6 láàárín lẹbẹ. Mo fẹ́ kí eegun parí sí 14 àti 6. Nítorí pé kòtò máa jẹ 0.5 nínú ẹ̀, mo ti fi 0.5 kún gbogbo nọ́ńbà orí pátánì. Imú: 1.1, 3.5, 8, 14.5. Ìrù: 0.7, 1.6, 3.5, 6.5. Ọ̀la la ó gé e.

FáíbàLọ́wọ́:
Ẹ dúró ná, ẹ má tíì gé e! 8 àti 14.5 dáa, 3.5 àti 6.5 ti ìrù náà dáa. Àwọn tó sún mọ́ àárín ni kò dáa. Ní ibi 30, kòtò ṣì jin ní 0.5 bíi ti àárín gan-an, nítorí náà kò sí ohun tó yàtọ̀ láàárín wọn. Ẹ fi 0.6 àti 0.2 sílẹ̀ bó ṣe wà. Ní ibi 61, kòtò ti ku 0.3, nítorí náà 0.2 péré lẹ máa fi kún un: 3.2 níwájú, 1.3 lẹ́yìn. Tí ẹ bá lo 1.1 àti 0.7 yẹn, àárín tó yẹ kó tẹ́jú á yọ ikùn bíi ti ọkọ̀ ojú omi, gbogbo ohun tí kòtò fẹ́ bá yín ṣe á sì já sófo. Ẹ tún fi pẹlẹbẹ arère yẹn fa ìlà náà lórí pátánì kí iná tó kan wáyà; ẹ máa rí i pé kò ní bá 1.1 lọ.